Má Rú Omi Mi

Òkú náà jáde síbi tí kò yẹ kó ti jáde.

Ẹni tó bá mọ etí òkun wa nígbà náà, lọ́dún 1988, yóò rántí pé ohunkóhun tó bá bọ́ sómi níwájú Ọ̀jọ́, apá Èkó ló máa ń gbà lọ. Ìbáà jẹ́ bàtà ọmọdé, ìbáà jẹ́ àwọ̀n tó já, ìlà-oòrùn ni ẹni tó ni ín yóò ti lọ ṣà á. Ṣùgbọ́n Dókítà Ezekiel Abọ́dúnrìn, olùkọ́ yunifásítì tó bọ́ sómi níwájú Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti rí i lọ́jọ́ Àìkú, lọ́hùn-ún lọ́nà Àgbádárìgì, tí yanrìn ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀ tì í. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọpọlọ rẹ̀ gbé e dé ipò Ìsípẹ́kítọ̀, èmi sì wà níbi tí mo wà, Sájẹ́ǹtì Májẹ́kódùnmí tó ń bá a gbé àpò.

"Wo ẹ̀bátí rẹ̀," ó wí.

Ọgbẹ́ kan wà níbẹ̀, omi ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù. Fẹ̀hìntọlá fi èékánná yọ nǹkan kékeré kan jáde nínú rẹ̀, ó gbé e síwájú oòrùn. Èérún kan ni, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

"Igi ni," mo ní. "Wọ́n fi àjẹ̀ gbá a."

"Igi wo ló máa ń kọrọdọ báyìí? Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ò dán." Ó ti èérún náà sínú páálí ìṣáná, ó fi sápò. "Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ igi. Ìwọ náà kì í ṣe òmùgọ̀ lójoojúmọ́."

Ìyàwó olóògbé, Lydia, kò jẹ́ kí òkú náà sùn ní Èkó. Èkìtì ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì sin ín lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò ju páálí ìṣáná yẹn lọ, àti ọkùnrin kan tó wà ní àtìmọ́lé.

Làtífù lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni, atukọ̀. Òun ló máa ń gbé Dókítà kọjá àwọn ìgbì etíkun lọ sórí òkun gangan, níbi tí Dókítà ti ń fi okùn sọ ìgò kalẹ̀ láti bu omi láti oríṣiríṣi ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, àwọn apẹja yòókù wà lórí ilẹ̀, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe de ìrun ọ̀sán. Àwọn méjì yìí nìkan ló jáde. Ẹnì kan ló padà.

"Ìjì ló dé, sà," Làtífù wí fún wa nínú àtìmọ́lé. Ó di irin fèrèsé mú bí ẹni pé ilẹ̀ ń mì. "Òkun yí padà. Ìgbì gbé Dókítà, ó fi orí rẹ̀ gbá ọkọ̀, ó gbé e lọ."

"Ìjì náà le tó báwo?"

"Òkè di ìsàlẹ̀, sà. Ìsàlẹ̀ di òkè."

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú, gbogbo etíkun ló gbọ́ tí òun àti Dókítà ń jà. Dókítà kò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí òun bá ń bu omi, nítorí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì a máa po omi pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí Làtífù bá gbàgbé, Dókítà yóò kígbe pé, "Má rú omi mi, Làtífù, má rú omi mi." Lọ́jọ́ yẹn ọ̀rọ̀ náà sú atukọ̀. Ó dáhùn lójú gbogbo ayé pé, "Omi yín yìí ni yóò pa yín."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tó fi di pé omi ti pa á.

Dípíò wa kò rí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. "Orí ilẹ̀ ló ti pa á," ó ní. "Omi òkun kì í gbé òkú lọ sápá Àgbádárìgì. Ó pa á, ó fi ọkọ̀ gbé e lọ jù sọ́hùn-ún, ó wá pa ìtàn ìjì. Kí lẹ tún ń wá?"

* * *

Sẹ̀gilọlá, ìyàwó Làtífù, wá bá wa lágọ̀ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹja yíyan ló ń tà, òórùn èéfín sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ru àpótí kan, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú Fẹ̀hìntọlá pẹ̀lẹ́ bí ẹni sọ ẹyin. Àwọn ìgò Dókítà ni, wọ́n kún fún omi, ìdérí wọn le dan-in.

"Ẹ bá mi wò ó, sà. Làtífù ló so ó mọ́ inú ọkọ̀, òun ló gbé e wálé. Ẹni tó fẹ́ pa èèyàn, ṣé yóò tún máa tọ́jú ẹrù ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn," Fẹ̀hìntọlá dá a lóhùn.

"Dókítà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó pariwo, àmọ́ kò burú. Ilé wa ló ti ń jẹun. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mu omi níhìn-ín lásìkò òjò."

"Bí wọ́n ṣe ń mu omi?"

Ó wò wá bí ẹni tó ń wo ará òkè. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Lásìkò òjò, omi odò máa ń gun orí omi iyọ̀. Tòkè dùn, tìsàlẹ̀ níyọ̀. Ahá, igbá kékeré, la fi ń ha ojú rẹ̀ bù, jẹ́ẹ́, a kì í rú u. Nígbà tí mo fi hàn án lọ́sà, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní òun ti lọ kọ́ èyí ní òkè òkun. Mo fún un ní ahá kan. Kódà lórí òkun, wọ́n ní ó ń fi í bu omi mu."

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó kúnlẹ̀. "Bí ẹ bá lè fi omi yìí mú un jáde fún mi, sà. Wọ́n ní yíyẹgi ni wọ́n máa ń yẹgi fún ẹni tó bá pa èèyàn."

Fẹ̀hìntọlá gbé e dìde. Kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú tó fi wo àwọn ìgò náà.

* * *

A gba Òkokomáìkò lọ sí Ìbà nírọ̀lẹ́, lọ bá Adéolú, igbákejì Dókítà. Ìbà ìgbà yẹn ṣì ní oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ láti inú yàrá. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan láti Oǹdó ló ṣílẹ̀kùn fún wa, ojú rẹ̀ pọ́n.

Fẹ̀hìntọlá kò jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ti kó ìwé yín wọ ọ́fíìsì olóògbé."

"Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ni."

"Wọ́n tún ní ipò rẹ̀ kan yín."

"Ó kàn mí. Ta ló máa fẹ́ ẹ báyìí?"

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ Jímọ̀?"

"Mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Kíláàsì kún. Ẹ lọ bi wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

A bi wọ́n lẹ́yìn náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀, mo ti rí i pé ọkùnrin yìí kò pa ẹnikẹ́ni. Ó ń sunkún láàárín ọ̀rọ̀ láìmọ̀ pé òun ń sunkún.

Fẹ̀hìntọlá wá jókòó. "Ẹ la ọ̀rọ̀ kan yé mi. Kí ni Dókítà ń wá nísàlẹ̀ òkun?"

Adéolú wọ ilé ìdáná, ó gbé gíláàsì kan, iyọ̀ àti íńkì bulúù jáde. Ó po omi iyọ̀ mọ́ íńkì, ó dà á sísàlẹ̀ gíláàsì. Lẹ́yìn náà ó da omi lásán lé e, ó ń dà á sẹ́yìn ṣíbí kó má baà já lu ti ìsàlẹ̀. Nígbà tó tán, omi méjì ló wà níwájú wa, funfun lókè, bulúù nísàlẹ̀, ìlà tín-ínrín láàárín wọn.

"Òkun ilẹ̀ olóoru wa nìyí lásìkò òjò," ó wí. "Tòkè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fúyẹ́, omi odò wà nínú rẹ̀. Tìsàlẹ̀ tutù, ó wúwo. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Àárín yìí ni wọ́n ti ń ha ara wọn, omi á máa ká bí ìkarahun ìgbín, á máa ya ara rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ń yá àti ibi tó ti ń falẹ̀, òun ni ọ̀gá mi ń wá. Ó lè sọ bí òjò yóò ṣe rí, ó lè sọ ibi tí ẹja yóò lọ."

"Ṣé wọ́n jọ ń ṣàn ni?"

"Rárá o. Tòkè ń lọ sápá Èkó. Tìsàlẹ̀ ń padà sápá Àgbádárìgì."

Fẹ̀hìntọlá na ọwọ́ sí mi láì wò mí, bí ẹni tó ti gba ayò. "Májẹ́kódùnmí, o gbọ́? Ó bọ́ sómi níwájú Ọ̀jọ́, ó rì kọjá tòkè, tìsàlẹ̀ gbé e. Òkun ló gbé e débẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa á lórí ilẹ̀."

Ara mi yá gágá. Ọ̀rọ̀ Dípíò ti já sófo. Mo ti ń rí Sẹ̀gilọlá tó ń jó.

"Ìjì ńkọ́?" Fẹ̀hìntọlá bi í, ohùn rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Bí ìjì tó lè da ọkọ̀ nù bá kọlu òkun yìí?"

Adéolú mú ṣíbí. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo gíláàsì di bulúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan náà láti òkè délẹ̀.

Ẹ̀rín kú lójú Fẹ̀hìntọlá. Ó wo gíláàsì náà pẹ́.

"Ẹ yà á padà fún mi," ó wí.

"Kò ṣeé yà, sà. Èyí tó bá ti dàpọ̀ ti dàpọ̀. Àfi kí odò tún kó omi tuntun wá, ìyẹn sì máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

* * *

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kàmọ́rù, atukọ̀ mìíràn, gbé wa la ìgbì etíkun kọjá, ó gbé wa dé ibi tí Làtífù ní ìjì ti bá àwọn. Kó tó di ìdajì ọ̀nà, Adéolú ti dorí kodò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń bì.

"Ẹja ti jẹun o," Kàmọ́rù wí. "Ẹ ṣeun, tíṣà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a ní kó pa á. Adéolú nu ẹnu, ó sọ ìgò kalẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Olóògbé a máa so òwú mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan, iye kókó tó wà lára òwú ló ń sọ bó ṣe jìn tó. Fẹ̀hìntọlá gbé ìgò ti Jímọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní, kókó mọ́ kókó. Ó ń tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tu wọ́n dà.

Tòkè dùn. Èyí tó tẹ̀ lé e dùn. Títí dé kókó kan, lójijì, iyọ̀.

Ó mú ti òní. Tòkè dùn. Èyí tó tẹ̀ lé e dùn. Kókó kan náà, iyọ̀.

"Bí ìjì bá jà níhìn-ín lọ́jọ́ Jímọ̀," ó wí, bíi pé ó ń bẹ ẹnì kan.

Adéolú mi orí. "Ìlà yẹn kò ní sí mọ́, sà. Ẹ má bínú. Kò sí ìjì níbí."

Òkun tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa. N kò rí ohun tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì ti gbé ibi púpọ̀ tó dákẹ́ láti ìgbà náà.

* * *

"Kò sí ìjì, Làtífù."

Atukọ̀ náà wo Fẹ̀hìntọlá, ó wò mí, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

"Obìnrin ẹ ló gbé àwọn ìgò náà wá kó lè gbà ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìgò náà ló sọ fún mi pé irọ́ lo pa. Sọ òótọ́ tó kù fún mi, kí n lè mọ ibi tí n ó dì mú."

Làtífù fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Òkun dákẹ́ bí omi inú ìkòkò, sà. Dókítà ti bu omi rẹ̀ tán, ó ti de gbogbo ìgò. Mo rò pé ó ti jókòó. Mi ò wẹ̀yìn. Mo fa okùn ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ fò síwájú, mo gbọ́ 'kọ́'. Ó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ha omi òkè mu, bí ìyàwó mi ṣe kọ́ ọ. Ahá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bátí rẹ̀ tẹ ahá náà mọ́ etí ọkọ̀."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo bẹ́ sómi. Omi òkè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gba inú rẹ̀ kọjá, mo bọ́ sínú òtútù, ó ń wọ́ mi lọ síbòmíràn. Mo ń na ọwọ́. Mi ò kan nǹkan kan."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ta ló máa gbà, sà? Gbogbo wọn ló gbọ́ tí mo ní omi ẹ̀ ló máa pa á. Kí n tún wá ní òkun dákẹ́, èmi ni mo fa okùn? Ìjì nìkan ni wọn ò lè pè wá sí kóòtù kó wá sọ pé òun kọ́."

Fẹ̀hìntọlá ti yọ páálí ìṣáná jáde. Èérún náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ó kọrọdọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ò dán. Mo rí i nígbà náà, ojú sì tì mí pé mo pè é ní igi. Igbá ni.

"Ahá náà dà?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Làtífù, ahá náà dà?"

"Ó léfòó. Mo mú un. Ó ti ya létí, irun Dókítà há síbi tó ya. Mo gbé e wálé pẹ̀lú àwọn ìgò."

Ohùn kan dún lẹ́yìn wa. Dípíò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé.

"Ó ti jẹ́wọ́," Dípíò wí.

"Àṣìṣe ló jẹ́wọ́, sà. Bí èérún yìí bá bá ibi tó ya lára ahá yẹn mu, ó hàn pé ẹni tó ń bu omi mu ló forí gbá ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó fi àjẹ̀ lù ú."

"Bí o bá gbé ahá náà síwájú mi, mo gbọ́. Bí o ò bá gbé e wá, ẹni tó purọ́ ìjì ló pa á, fáìlì rẹ̀ á sì lọ láàárọ̀ ọ̀la."

Làtífù kò wo Dípíò. Fẹ̀hìntọlá ló ń wò. Ìrètí wà lójú rẹ̀, ìyẹn ló burú jù. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí ojú náà nìyẹn.

* * *

Etí ọ̀sà ni ilé wọn wà. Sẹ̀gilọlá ń to ẹja sórí irin tó fi ń yan án. Bó ṣe rí wa tí a ń sáré bọ̀, ó ju ẹja sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Omi náà ti sọ̀rọ̀, àbí?"

"Ahá tí Làtífù kó dé pẹ̀lú àwọn ìgò," Fẹ̀hìntọlá wí. "Ahá Dókítà. Níbo ló wà?"

"Èyí tó ya yẹn? Ha, ìyẹn ò sí mọ́, sà. Mo ti fọ́ ọ."

Fẹ̀hìntọlá yíjú sí ọ̀sà.

"Ìyàkọ mi ló rán mi létí. Ẹni tí omi bá mú lọ, wọn kì í fi igbá omi rẹ̀ sílẹ̀ nílé níhìn-ín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa padà wá mu omi. Mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo dà á sọ́sà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú Làtífù, mo bẹ Dókítà kó bá wa sọ̀rọ̀ rere níbi tó wà." Ó ń wo ojú wa. "Mi ò ṣe é dáadáa ni?"

Mo ti ká ṣòkòtò, mo ti wọ inú ẹrẹ̀. Mo fi ọwọ́ wá inú koríko, mo fi ẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀. Ọ̀sà ń ṣàn lọ pẹ̀lú ewéko àti ọ̀rá àti gbogbo ohun tí ènìyàn ń dà sínú rẹ̀ láti Ìjanikin wá. Fẹ̀hìntọlá kò bá mi wá a. Ó dúró lórí ilẹ̀, páálí ìṣáná wà nínú ìkúùkù rẹ̀.

"O ṣe é dáadáa," ó wí fún un. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lo ṣe é."

"Ọkọ mi máa wálé?"

"A ń sapá."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣe ohun tí gbogbo obìnrin ilé wa máa ń ṣe fún àlejò tó bá gbé ìròyìn rere wá. Ó mú ahá tuntun, ó sọ̀ kalẹ̀ sétí ọ̀sà níbi tí mo dúró sí. Ó ní kí n má mira, kí n má rú u. Mo dúró gbọn-in. Ó ha ojú omi, jẹ́ẹ́, ó gbé e gòkè, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un fún Fẹ̀hìntọlá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá mu ún tán. Kò ṣẹ́ ẹ kù.

"Ó dùn, àbí, sà?"

"Ó dùn," ó wí.